Wúrà inú Rédíò Àlòkù: Ọ̀nà tí ó dára láti rí i, àti ọ̀nà tí ó ń pa ni

Kò sí ọmọ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kan, ìbáà ṣe ará Ìkọyà tàbí ará Igbótako, ará Òde-Ìrèlè tàbí ará Òde-Ayé, tí kò mọ̀ pé ohun tí ó wà nínú ẹyìn ju ẹyọ kan lọ. A ń fún epo lára rẹ̀. A ń pa ẹkùrọ́ rẹ̀ láti fi ṣe àdín. A ń fi ìhá rẹ̀ ṣáná. Alágbẹ̀dẹ sì ń fi èèpo ẹkùrọ́ dáná nínú àgbẹ̀dẹ rẹ̀. Ẹni tí ó bá da ẹkùrọ́ sí ààtàn lẹ́yìn tí ó ti fún epo tán, àwọn àgbà yóò wí pé ó ti da owó nù.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nípa rédíò, tẹlifíṣọ̀n, fóònù, kọ̀ǹpútà àti fíríìjì tí ó ti bàjẹ́. Ilé tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò sí lábẹ́ ibùsùn tàbí ní ẹ̀yìnkùlé kò pọ̀ mọ́ ní àgbègbè Òkìtìpupa. Ọ̀pọ̀ ọdún tí apá gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó fi wà láìní iná ìjọba sì ti mú kí bátìrì ńlá, jẹnẹrétọ̀ àti ohun èlò sólà pọ̀ nínú ilé, àwọn wọ̀nyí náà sì ń gbó. Àwọn tí ń ra irin àlòkù ń ti ọmọlanke kiri láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń fi owó díẹ̀ ra ohun tí onílé kò mọ iye rẹ̀. Ní ibòmíràn ẹ̀wẹ̀, àwọn ọmọdékùnrin a máa kó wáyà jọ, wọn a sì fi iná sun ún kí rọ́bà ara rẹ̀ lè jóná, kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ tà.

Ohun méjì ni ó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ nípa ọ̀ràn yìí. Èkíní ni pé òtítọ́ ni pé wúrà, fàdákà àti bàbà ń bẹ nínú àwọn ohun èlò wọ̀nyí. Èkejì ni pé májèlé ń bẹ nínú wọn pẹ̀lú. Ọ̀nà tí ènìyàn bá gbà wá èkíní ni yóò sọ bóyá èkejì yóò wọ inú ara ọmọ rẹ̀ tàbí kò ní wọ̀ ọ́.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ WỌN

Bí a bá tú rédíò tàbí kọ̀ǹpútà, a ó rí pátákó pẹlẹbẹ kan, tí ó sábà máa ń ní àwọ̀ ewé, tí a to àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ sí lórí. Pánẹ́ẹ̀lì ni àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ń pè é. Bàbà tín-ín-rín ni ọ̀nà tí iná mànàmáná ń gbà lórí rẹ̀. Tánńganran àti òjé ni a fi ń jó àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ náà mọ́ ọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ṣe láti ọdún 2006 wá kò ní òjé mọ́. Fàdákà ń bẹ ní ojú ibi tí irin méjì ti ń pàdé nígbà tí a bá tan ẹ̀rọ. Wúrà ń bẹ ní etí pánẹ́ẹ̀lì níbi tí a ti ń kì í bọ inú òmíràn, ó sì ń bẹ lójú káàdì kékeré tí a ń fi sínú fóònù. Irin mìíràn tí ó ṣọ̀wọ́n, tí a ń pè ní pàládíọ̀mù, ń bẹ nínú àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí ń gba iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Kí ni ìdí tí a fi ń lo wúrà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ìdí rẹ̀ ni pé wúrà kì í dípẹtà. Bí irin lásán bá dípẹtà, iná kì í lè gbà á kọjá dáradára, ẹ̀rọ yóò sì dákẹ́. Nítorí náà ni àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ fi ń fi wúrà bo ojú ibi tí kò gbọdọ̀ dípẹtà. Ṣùgbọ́n wúrà wọ́n, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì ni wọ́n ń fi í bò ó; ó fẹ́lẹ́ ju tákàdá lọ ní ìlọ́po lọ́nà púpọ̀.

Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń mójú tó àyíká ti ṣe ìṣirò pé bí a bá kó fóònù 1,000,000 jọ, a lè rí bàbà bí tọ́ọ̀nù 16, fàdákà bí kílò 350, wúrà bí kílò 34 àti pàládíọ̀mù bí kílò 15 nínú wọn. Owó ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n bí a bá pín in sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, a ó rí i pé bí fóònù 30 ni a ó kó jọ kí a tó lè rí gíráàmù wúrà kan, èyí tí ìwúwo rẹ̀ tó bí ti ẹ̀wà márùn-ún. Ẹni tí ó ní fóònù mẹ́ta tí ó ti bàjẹ́ nílé, wúrà tí ó wà nínú gbogbo wọn kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tí ń ṣèlérí pé àwọn yóò kọ́ ènìyàn ní bí a ti ń yọ wúrà nínú ilé kì í sọ fún un.

BÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀ TI Ń YỌ Ọ́

Àwọn ará Japan fi àpẹẹrẹ kan hàn tí ó yẹ kí a gbọ́. Nígbà tí wọ́n ń múra sílẹ̀ fún eré ìdíje Òlíńpíìkì ti Tokyo, wọ́n ké sí gbogbo ará ìlú pé kí wọ́n mú ẹ̀rọ tí ó ti bàjẹ́ wá. Láti oṣù kẹrin ọdún 2017 di oṣù kẹta ọdún 2019 péré, wọ́n kó ẹ̀rọ bí tọ́ọ̀nù 78,985 jọ, pẹ̀lú fóònù tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Nínú ìwọ̀nyí ni wọ́n ti rí wúrà kílò 32, fàdákà kílò 3,500 àti idẹ kílò 2,200. Òun ni wọ́n fi ṣe gbogbo àmì-ẹ̀yẹ bí 5,000 tí àwọn tí ó borí gbà ní ọdún 2021. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn ará ìlú náà tí ó yọ wúrà nínú ilé ìdáná rẹ̀. Iṣẹ́ tiwọn ni láti kó o jọ. Iṣẹ́ yíyọ jẹ́ ti àwọn tí wọ́n ní ìléru.

Ní Hoboken, lẹ́bàá ìlú Antwerp ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ọ̀kan nínú irú ìléru ńlá bẹ́ẹ̀ wà. Wọ́n a kọ́kọ́ wọn ohun tí a kó dé, wọn a sì bu díẹ̀ nínú rẹ̀ yẹ̀ wò láti mọ iye wúrà àti fàdákà tí ó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n lè san owó tí ó tọ́ fún ẹni tí ó ni ín. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò dà á sínú ìléru tí gbígbóná rẹ̀ ju ìwọ̀n 1,000 lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ní ìwọ̀n 100 ni omi ń hó. Bàbà yóò yọ́, yóò sì gbá wúrà àti fàdákà mọ́ra bí epo gbígbóná ti ń gba adùn ata. Wọn yóò wá ya bàbà sọ́tọ̀ nínú omi ásíìdì. Wúrà àti fàdákà yóò sì ṣẹ́kù sílẹ̀ bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, tí àwọn onímọ̀ yóò tún fọ̀ mọ́. Gbogbo èéfín tí ó bá jáde ni a ń fi ẹ̀rọ sẹ́ kí ó tó bọ́ sí ojú ọ̀run.

Síbẹ̀, ní ọdún 2020, nígbà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé tí ń gbé nítòsí ìléru náà wò, a rí i pé òjé tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ọ̀rọ̀ náà sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà fi gbà láti ra ilé àwọn tí ó sún mọ́ ọn jù lọ́wọ́ wọn. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ asẹ́fín wà, tí àwọn onímọ̀ sì ń ṣọ́ ọ, kí ni a ó sọ nípa ẹni tí ó dáná sun pánẹ́ẹ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga?

EWU TÍ Ó WÀ NÍBẸ̀

Òjé ni ó burú jù nínú àwọn májèlé wọ̀nyí. Òjé kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Òun ni apẹja fi ń so àwọ̀n kí àwọ̀n lè rì sínú omi. Bí ó bá wà ní odindi, ewu rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ́ ọ, tàbí tí a lọ̀ ọ́ di ekuru, yóò bá afẹ́fẹ́ wọ inú ara, tàbí kí ó bà lé oúnjẹ àti ọwọ́ ọmọ tí ń ṣeré nílẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí ó dára fún ara ọmọdé. A máa ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, kí ọmọ tí ó já fáfá tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí ìwé kò yé mọ́. Ohun tí ó bá sì bàjẹ́ nínú ọpọlọ bẹ́ẹ̀, oògùn kì í tún un ṣe. Aboyún tí ó bá mí in símú ń fi fún ọmọ inú rẹ̀.

Ibi tí òjé pọ̀ sí jù nínú ilé ni bátìrì ọkọ̀ àti bátìrì ńlá tí a fi ń gba iná sólà pamọ́. Lẹ́yìn èyí ni dígí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, oníkùn ńlá. Òjé tí ó wà nínú dígí ọ̀kan lè tó kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ènìyàn a máa fọ́ dígí náà nítorí bàbà tí a wé mọ́ ọrùn rẹ̀, wọn a sì fi àfọ́kù rẹ̀ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí adìẹ ń jẹ̀.

Ewu kejì ni èéfín. Rọ́bà tí ó bo wáyà, bí ó bá jóná, a máa di èéfín dúdú tí májèlé inú rẹ̀ kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀ tàbí nínú ọ̀rá ẹran. Fóòmù tí a yọ lára fíríìjì, tí àwọn mìíràn fi ń ṣáná, irú èéfín búburú bẹ́ẹ̀ ni ó ń yọ.

Ewu kẹta ni ásíìdì. Àwọn kan gbọ́ pé ásíìdì ni a fi ń yọ wúrà, wọ́n sì rò pé bí àwọn bá ti rí ásíìdì rà, iṣẹ́ ti parí. Wọn kò mọ̀ pé ooru tí ń yọ láti inú rẹ̀ a máa jẹ ẹ̀dọ̀fóró, àti pé omi tí ó bá ṣẹ́kù kún fún òjé, bàbà àti àwọn májèlé mìíràn. Níbo ni wọn yóò dà á sí? Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ òjò. Ohun tí a bá dà sí ẹ̀yìnkùlé lónìí, ọ̀gbàrá yóò gbé e lọ sínú odò Olúwa àti àwọn odò kéékèèké tí a ti ń bu omi mu, yóò sì ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn apẹja.

OHUN TÍ Ó TI ṢẸLẸ̀ RÍ

Ní ọdún 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ará abúlé ń fọ́ òkúta nínú àgbàlá wọn láti wá wúrà. Òjé wà nínú òkúta náà, wọn kò sì mọ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ọkà ni wọ́n fi ń lọ òkúta. Ó lé ní 400 ọmọdé tí òjé náà pa.

Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá ìlú Dakar ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, àwọn ènìyàn ń tú bátìrì ọkọ̀ láti yọ òjé inú rẹ̀. Nígbà tí owó òjé gbówó lérí, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí i wa erùpẹ̀ ibẹ̀, wọ́n ń gbé e wọlé, wọ́n sì ń fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Láàrín oṣù kọkànlá ọdún 2007 àti oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọdé 18 ni ó kú níbẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú àwọn ìyá wọ̀nyí tí ó fẹ́ ibi fún ọmọ rẹ̀. Oúnjẹ ọmọ ni wọ́n ń wá.

Ní Agbogbloshie, ní ìlú Accra ní ilẹ̀ Gánà, níbi tí a ti ń sun wáyà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn olùwádìí yẹ ẹyin adìẹ tí ń jẹ̀ káàkiri ibẹ̀ wò ní ọdún 2019. Wọ́n rí i pé ẹni tí ó bá jẹ ẹyọ ẹyin kan ṣoṣo ti jẹ májèlé inú èéfín náà ní ìlọ́po 220 ju èyí tí a lè fi ara gbà lójúmọ́ lọ. Ìjọba wó ibẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2021, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò parí. Ó kàn tú ká lọ sí àwọn àdúgbò mìíràn ni. Èyí fi hàn pé kì í ṣe lílé àwọn ènìyàn nìkan ni àtúnṣe, bí kò ṣe kíkọ́ wọn ní ọ̀nà tí ó sàn jù.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Ìtàn òfin Nàìjíríà lórí ọ̀ràn yìí bẹ̀rẹ̀ ní èbúté Kókó, tí omi rẹ̀ àti omi Ìlàjẹ jọ bá ara wọn tan. Ní ọdún 1988 ni a rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ẹ̀gbin olóró tí a kó wá láti ilẹ̀ Ítálì nínú àgbàlá kan níbẹ̀. Owó díẹ̀ lóṣooṣù ni a ń san fún onílẹ̀. Ìjọba mú kí a kó ẹ̀gbin náà padà sí òkè òkun, ní ọdún kan náà ni ó sì ṣe òfin tí ó sọ kíkó ẹ̀gbin olóró wọ ilẹ̀ yìí di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá.

Lẹ́yìn èyí, a dá àjọ NESREA sílẹ̀ ní ọdún 2007 láti máa ṣọ́ àyíká. Ní ọdún 2011 a ṣe ìlànà tí ó jẹ mọ́ ẹ̀rọ oníná mànàmáná ní pàtó. Ìlànà yìí gbé ojúṣe lé àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ àti àwọn tí ń kó o wọlé pé kí wọ́n ṣètò bí a ó ti máa gba àlòkù rẹ̀ padà. Ní ọdún 2018 ni a dá ẹgbẹ́ EPRON sílẹ̀, kí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí lè máa san owó tí a ó fi ṣe iṣẹ́ náà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025 sì ni àdéhùn Basel ti fi lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ẹ̀rọ tí ó ti bàjẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn láìjẹ́ pé ìjọba tí yóò gbà á ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Ó yẹ kí a ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹrù náà pọ̀. Ìwádìí tí a ṣe ní èbúté Èkó ní ọdún 2015 àti 2016 fi hàn pé ẹ̀rọ àlòkù tí ń gba ibẹ̀ wọlé lọ́dún tó bíi tọ́ọ̀nù 60,000. Inú ọkọ̀ àlòkù ni a ti di èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, bí ìdá kan nínú márùn-ún kò sì ṣiṣẹ́ rárá. Ní gbogbo ayé, tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 62 ni ẹ̀rọ tí a sọ di àlòkù ní ọdún 2022. A kò sì rí ẹ̀rí pé ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ dé ibi tí ó yẹ.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Èkíní, kí a má ṣe sun wáyà. Ẹni tí ó bá fẹ́ bàbà inú rẹ̀ lè fi ọ̀bẹ bó o, tàbí kí ó tà á bí ó ti wà. Bàbà tí iná kò bà máa ń mọ́, ó sì máa ń níye lórí ju èyí tí iná ti sọ di dúdú lọ.

Èkejì, kí a má ṣe fi ásíìdì tàbí iná kan pánẹ́ẹ̀lì. Kí a fi sukudiráfà tú ẹ̀rọ, kí a ya irin sọ́tọ̀, kí a ya alumíníọ́mù sọ́tọ̀, kí a ya bàbà sọ́tọ̀, kí a sì tọ́jú pánẹ́ẹ̀lì ní odindi. Pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ǹpútà àti ti fóònù níye lórí ju ti rédíò àti ti tẹlifíṣọ̀n lọ. Nítorí náà kí a má ṣe dà wọ́n pọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe fọ́ dígí tẹlifíṣọ̀n oníkùn, kí a má sì ṣe tú bátìrì tàbí kí a da omi inú rẹ̀ nù. Odindi ni kí a tà á. Kí a má sì ṣe gún bátìrì fóònù tàbí kí a jù ú sínú iná, nítorí pé ó lè bú gbàù.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ṣe é ní gbangba, jìnnà sí ilé ìdáná àti kànga. Kí ó fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó jẹun, kí ó sì bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí ó tó gbé ọmọ rẹ̀. Kí ọmọdé àti aboyún má ṣe sí níbẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí a kó o jọ kí a tó tà á. Bí ẹnì kan bá ta pánẹ́ẹ̀lì kan, iye tí ó bá wu olùrà ni yóò san. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí ń tún rédíò àti fóònù ṣe ní Òkìtìpupa, Ilútìtun àti Igbótako bá fi ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe é, tí wọ́n kó o jọ di àpò púpọ̀, wọ́n lè bá àwọn ilé-iṣẹ́ tí a fún ní ìwé àṣẹ ní Èkó dúnàádúrà, kí a sì wọ̀n ọ́n lójú wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ilé-iṣẹ́ tí ó ní ìwé àṣẹ lè béèrè lọ́wọ́ NESREA tàbí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó àyíká ní Àkúrẹ́.

Àwọn baba wa kò fi eyín fọ́ ẹkùrọ́. Ẹni tí ó mọ igi gùn ni ó ń kọ ẹyìn. Ẹni tí ó ní ẹkù ni ó ń fún epo. Alágbẹ̀dẹ sì ń dúró de èèpo tirẹ̀. Olúkúlùkù ń jẹ nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń kú sí i. Bí ó ti yẹ kí ó rí nìyí nípa wúrà inú rédíò àlòkù. Kí ẹni tí ó lè kó o jọ kó o jọ, kí ẹni tí ó lè tú u tú u, kí ẹni tí ó ní ìléru sì yọ́ ọ. Ìlera loògùn ọrọ̀. Owó tí a bá fi ọpọlọ ọmọ ẹni gbà, kò sí ọjà tí a lè ná an sí.